Dẹ́mò lọ́dọ̀ oníbàárà, mainframe ní Dallas: ọ̀nà wo lẹ ń gbà wọlé?

Adé_LPAR (London)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé.

Ilé-iṣẹ́ kékeré kan ni mo wà. Sọ́fítíwíà tí a ń tà, orí z/OS (ètò tó ń darí mainframe, kọ̀ǹpútà ńlá IBM) ló ń ṣiṣẹ́: gbogbo ìwé tí iṣẹ́ òru bá tì sínú JES2 (apá z/OS tó ń gba iṣẹ́ àti ìwé tó bá tẹ̀ jáde), òun ló ń kó o pamọ́, kí ará ọ́fíìsì lè wá a rí kódà lẹ́yìn ọdún méje. A ò ní mainframe tiwa. z/OS kan la gbà háyà ní Dallas, guest ni lábẹ́ z/VM (ètò tó ń pín mainframe kan fún ọ̀pọ̀ guest), àwa fúnra wa la ń tọ́jú ẹ̀, VPN la sì ń gbà débẹ̀. Tí mo bá jókòó sí ọ́fíìsì, kò sí wàhálà: mo ṣí emulator (ètò tó ń sọ láptọ́ọ̀pù di terminal mainframe), mo wọ TSO (ibi tí a ti ń pàṣẹ fún z/OS), ó parí.

Ọ̀dọ̀ oníbàárà ni ìjà wà. Báńkì kan ní Johannesburg ní kí a wá fi ọjà hàn wọ́n lóṣù tó ń bọ̀. Wọ́n ti kọ̀wé sí wa ṣáájú pé Wi-Fi àlejò wọn, port 80 àti 443 ti wẹ́ẹ̀bù nìkan ló ń jẹ́ kó jáde. VPN tiwa, IPsec ni, UDP 500 àti 4500 ló ń lò, kò ní kọjá níbẹ̀. Ọ̀gá mi wáá ní kí a ṣí port 23 sí gbogbo ayé "fún ọjọ́ kan péré", kí n sì fi fóònù mi ṣe hotspot. Ọkàn mi ò gbà á, àmọ́ mi ò rí àlàyé tó dáa fi dá a lóhùn. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń gbé dẹ́mò kiri, báwo lẹ ṣe ń ṣe é?

---

Ìyá_RACF (Manchester)

Sọ fún ọ̀gá ẹ pé rárá. Tó bá bi ẹ́ pé kí ló dé, ní kó ka eléyìí.

TN3270, ọ̀nà tí emulator ń gbà bá mainframe sọ̀rọ̀, kò bo nǹkan kan lórí port 23. Userid, password, gbogbo ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà ń lọ ní gbangba. Àwọn kan rò pé torí pé EBCDIC (kóòdù lẹ́tà ti mainframe) ni, ẹni tó bá ń yọjú kò ní lè kà á. Irọ́ ni, Wireshark, irinṣẹ́ tó ń ka ohun tó ń kọjá lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, á tú u fún un kíá. Nmap pàápàá, irinṣẹ́ tó ń wá port tó ṣí, ní àwọn script tí wọ́n dìídì kọ nítorí tiwa: tn3270-screen á gbé ojú ìwé ìwọlé yín wá, vtam-enum á wá orúkọ àwọn application yín, tso-enum á máa wá userid tó wà lóòótọ́, tso-brute á máa dán password wò. Àwọn tó ń wá gbogbo íntánẹ́ẹ̀tì kiri ò sì ń sùn. "Ọjọ́ kan péré" yẹn, àyè ńlá ni lọ́wọ́ wọn.

Bóyá ọ̀gá ẹ á ní ta ló ń jà mainframe lólè. Lọ́dún 2012 ni wọ́n rí i ní Sweden pé àjèjì ti wà nínú mainframe ilé-iṣẹ́ Logica, níbi tí dátà ìjọba wà. Ọ̀kan nínú àwọn tó dá The Pirate Bay sílẹ̀ ni ilé-ẹjọ́ dá lẹ́bi nítorí ẹ̀ lọ́dún 2013. Ẹ̀rọ tí gbogbo ayé ń sọ pé kò ṣeé wọ̀ ni wọ́n wọ̀ yẹn.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe: port 992, kí ó jẹ́ TLS tó ń bo ọ̀rọ̀, kí AT-TLS inú z/OS máa bójú tó o (Policy Agent tó ń darí AT-TLS gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ o, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹnikẹ́ni ò ní wọlé). Kí 992 náà má sì hàn síta, ẹ̀yìn ẹnu-ọ̀nà mìíràn ni kó wà. Ẹ wo IKJTSOxx, fáìlì ètò TSO, ẹ fi PASSWORDPREPROMPT sí ON, kí TSO má baà máa sọ fún gbogbo ẹni tó bá kanlẹ̀kùn pé userid báyìí wà, báyìí ò sí.

---

BàbáVTAM (Houston)

Ẹ n lẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi.

Láyé tiwa, Silent 700 tí Texas Instruments ṣe la máa ń gbé lọ sọ́dọ̀ oníbàárà. Kíbọ́ọ̀dù wà lára ẹ̀, bébà tí ooru fi ń kọ̀wé sì wà lẹ́yìn ẹ̀, ihò méjì wá wà tí a ó ti ẹnu àti etí fóònù oníbàárà bọ̀. O ó kọ́kọ́ bẹ akọ̀wé ọ̀gá kí ó yá ẹ ní fóònù tábìlì ẹ̀, o ó pe nọ́ńbà ilé-iṣẹ́ yín, tí o bá gbọ́ tí ẹ̀rọ ọ̀hún hu, o ó ti fóònù bọ̀ ọ́ kíákíá. Lẹ́tà 30 ló ń tẹ̀ ní sẹ́kọ́ǹdì kan. Ojú ìwé terminal 3270 ti mainframe kan, ìlà 24, lẹ́tà 80 lórí ìlà kan, 1,920 ni gbogbo ẹ̀. Ìṣirò ẹ̀ kò le: ìṣẹ́jú kan ó lé díẹ̀ kí ojú ìwé kan tó parí. Torí náà TSO onílà-ìlà la fi ń ṣe dẹ́mò, ohun tí a sì ń tẹ̀ kéré, a ti mọ̀ ọ́n sórí kí a tó kúrò nílé. Tẹlifóònù oníbàárà tún máa ń dún láàárín ọ̀rọ̀ tí ẹlòmíràn bá gbé ẹ̀ka ẹ̀ ní yàrá kejì, gbogbo ẹ̀ á já.

Mi ò sọ èyí láti fi yangàn. Ohun tí mo rí ni pé ẹ̀yin ọmọ òde òní ń bẹ̀rù ọ̀nà jíjìn níbi tí kò yẹ kí ẹ ti bẹ̀rù ẹ̀. IBM gbé 3270 jáde lọ́dún 1971, nítorí wáyà tí kò yára ni wọ́n sì ṣe ṣe é bí wọ́n ṣe ṣe é. Kì í fi lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́. Gbogbo ohun tí o bá ń tẹ̀, ọ̀dọ̀ ẹ níbẹ̀ ló wà. Ìgbà tí o bá tẹ Enter tàbí PF kan (bọ́tìnì F1, F2, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀) ló máa kó kìkì àyè tí o fọwọ́ kàn, á sọ ibi tí cursor wà, á fi ránṣẹ́. Lílọ kan, bíbọ̀ kan. SSH tí wọ́n fi ń wọ Linux ńkọ́? Gbogbo lẹ́tà ló ń rìnrìn-àjò.

Láti Johannesburg dé Dallas lé ní 14,000 kìlómítà. Ìmọ́lẹ̀ nínú fáíbà ń rìn bí 200,000 kìlómítà ní sẹ́kọ́ǹdì kan, torí náà àlọ àti àbọ̀ kò lè dín sí 140 mílísẹ́kọ́ǹdì, wáyà kì í sì í lọ tààrà, ẹ máa rí jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Pẹ̀lú emulator lórí láptọ́ọ̀pù yín, oníbàárà ò ní mọ̀. Tí ẹ bá gbé emulator sínú Windows kan ní Dallas, tí ẹ wá ń fi remote desktop wò ó láti Johannesburg, gbogbo lẹ́tà á máa fà, gbogbo àwòrán á máa fà, oníbàárà á sì rò pé ọjà yín ló lọ́ra. Mo ti rí i tí àwọn tó ń ta ọjà tó dáa gan-an ṣe báyìí bà á jẹ́ níwájú ènìyàn.

---

Adé_LPAR

Ẹ ṣé gan-an, Ìyá. Ẹ ṣé, Bàbá. Mo ti fi ọ̀rọ̀ Sweden yẹn ránṣẹ́ sí ọ̀gá mi, kò tíì fèsì, mo sì mọ ìdí.

Àmọ́ 992 náà ò ní jáde níbẹ̀ o. 443 nìkan ni wọ́n ní.

---

Ọmọ_Èkó_z (Lagos)

Ọ̀rọ̀ 443 kì í ṣe òpin ayé, ẹ̀gbọ́n. Èmi ni mo ń ṣe ìtọ́jú fún ilé-iṣẹ́ kan láti Èkó níbí, àwọn tó ń ta ọjà wa sì ń pè mí láti orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi. Ọ̀nà mẹ́ta la ti lò.

Èyí tó rọrùn jù ni VPN tó ń gba TCP 443. OpenVPN lè ṣe é, ọ̀pọ̀ VPN tí ilé-iṣẹ́ ń rà náà sì ní irú ẹ̀. Ẹ bi ẹni tó ń bójú tó VPN yín bóyá ó wà níbẹ̀ tí wọn ò kàn tàn án, torí ó sábà máa ń wà níbẹ̀.

Èkejì, tí oníbàárà bá ní proxy (ẹ̀rọ àárín tí íntánẹ́ẹ̀tì wọn ń gbà kọjá), àwọn emulator wc3270 àti x3270 lè gba inú proxy kọjá fúnra wọn. Ẹ kọ `-proxy http:orúkọ-proxy:port` ṣáájú orúkọ host. Àmọ́ ọ̀pọ̀ proxy ló máa ń kọ̀ láti la ọ̀nà (CONNECT) sí port mìíràn yàtọ̀ sí 443, torí náà ẹ jẹ́ kí ẹnu-ọ̀nà yín lókè máa gbọ́ lórí 443, kí ó wá máa ti ọ̀rọ̀ lọ sí 992 nínú.

Ẹ̀kẹta ni emulator inú browser, Host On-Demand àti irú wọn. Kò burú. Èmi ò fẹ́ràn ẹ̀ fún dẹ́mò, torí browser máa ń gba àwọn PF key kan mọ́ ẹ lọ́wọ́. O fẹ́ PF5 láti wá ọ̀rọ̀ síwájú sí i, browser á tún ojú ìwé ṣí, session á lọ, iwájú ọ̀gá báńkì.

Ẹ jẹ́ kí n fi kan sí i nípa hotspot. Àwa níbí mọ̀ ọ́n lára. Ní March 14, 2024, nígbà tí wáyà abẹ́ òkun MainOne, ACE, WACS àti SAT-3 bàjẹ́ nítòsí Abidjan, símù méjì ló wà lápò mi, ilé-iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, méjèèjì sì ń rákò lọ́jọ́ náà. Símù méjì kì í ṣe ọ̀nà méjì tí wáyà abẹ́ òkun kan náà bá ń gbé àwọn méjèèjì. Àwọn tó wà lórí Equiano, èyí tó gúnlẹ̀ sí Èkó lọ́dún 2022, ṣì ń bá iṣẹ́ lọ. South Africa náà wà lórí WACS àti SAT-3, Equiano sì dé ọ̀dọ̀ wọn. Kí ẹ tó lọ, ẹ bi àwọn tó ń tà á fún yín pé ibo ló ń gbà jáde.

---

Ìyá_RACF

Gbogbo ohun tí Ọmọ_Èkó sọ dáa, àfi kí n fi àkíyèsí sí ọ̀rọ̀ proxy. Ọ̀pọ̀ báńkì ló ní proxy tó máa ń ṣí TLS wò láàárín, tí á wá fi certificate tiwọn dípò tiyín. Emulator á figbe ta pé òun ò mọ ẹni tó fọwọ́ sí i. Ìmọ̀ràn tí ẹ máa kà kiri ni pé kí ẹ fi `-noverifycert` sí i kó lè kọjá. Ẹ má ṣe é. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé password yín ń ṣí sílẹ̀ nínú ẹ̀rọ ẹlòmíràn. Ẹ kọ̀wé sí àwọn ará nẹ́tíwọ́ọ̀kì báńkì náà ṣáájú, kí wọ́n yọ àdírẹ́sì ẹnu-ọ̀nà yín kúrò lára ohun tí wọ́n ń ṣí. Báńkì tó bá fẹ́ rí ọjà yín lóòótọ́ á ṣe é, ó kàn máa gba àkókò díẹ̀ ni.

Tí ẹ bá máa lo hotspot: láptọ́ọ̀pù tiyín nìkan. Láptọ́ọ̀pù tó bá ti wà lórí wáyà inú báńkì, ẹ má so ó mọ́ fóònù yín. Afárá lẹ ń tẹ́ láàárín nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn àti ìta yẹn, bí ẹ̀ṣọ́ wọn bá rí i, dẹ́mò ti parí, bóyá ọjà náà ti parí.

Kò sì gbọdọ̀ sí dátà ènìyàn gidi lórí ẹ̀rọ Dallas yẹn. Gbogbo orúkọ, gbogbo nọ́ńbà àkáǹtì, kí ẹ ṣẹ̀dá ẹ̀. Oníbàárà kan lè fún yín ní fáìlì tiwọn pé kí ẹ fi ṣe dẹ́mò kó lè jọ tiwọn. Ẹ dúpẹ́, kí ẹ dá a padà. South Africa ní òfin dátà POPIA, Nàìjíríà ní òfin tiẹ̀ láti 2023, Europe ní GDPR, ẹ̀rọ yín sì wà ní Amẹ́ríkà. Ta ló fẹ́ máa ṣàlàyé ìyẹn fún lọ́yà?

---

Onílù_MVS (Ìbàdàn)

Kí ló dé tí ẹ ń ra wáyà òkun kiri? Ẹ gbé Hercules, ètò tó ń sọ kọ̀ǹpútà lásán di mainframe, sórí láptọ́ọ̀pù, ẹ gbé gbogbo ẹ̀ dání lọ. Èmi ń lo MVS 3.8j, bàbá ńlá z/OS, lórí láptọ́ọ̀pù àlòkù, ó ń yára ju ohun tí àwọn bàbá wa lò lọ. Kò sí firewall, kò sí VPN, NEPA pàápàá ò kàn ẹ́ tí bátìrì bá kún.

---

Ìyá_RACF

Àbúrò, z/OS lọjà wọn ń lò. Àṣẹ tí IBM ń tà pẹ̀lú z/OS kò gbà kí ẹ gbé e sórí Hercules. MVS 3.8j ti 1981 ni, ó dáa fún ẹni tó fẹ́ kẹ́kọ̀ọ́, inú mi dùn pé o ń lò ó. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ tó bá gbé z/OS tí kò ní àṣẹ wá síwájú báńkì, báńkì tó ń sanwó z/OS lóṣooṣù, ẹ̀rí ìwà ọ̀daràn ló gbé dání yẹn.

---

Onílù_MVS

Mo gbà, mà. zPDT, irú Hercules tí IBM fọwọ́ sí, ńkọ́? Ìyẹn ni àṣẹ wà fún.

---

Àǹtí_CICS (Dallas)

zPDT wà, àwa lò ó. Orí Linux ló ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà lásán, kọ́kọ́rọ́ USB ló ń fún un láṣẹ, IBM sì ní z/OS tó ti sè tán tí wọ́n ń pè ní ADCD tí ẹ ó kàn gbé lé e. Ẹni tó bá ń ṣe sọ́fítíwíà fún z lè béèrè lọ́wọ́ IBM. Ẹ ka ìwé àdéhùn dáadáa kí ẹ tó gbé e jáde nílé, torí iṣẹ́ ìdàgbàsókè àti ìdánwò ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ bi wọ́n ní tààrà bóyá dẹ́mò lọ́dọ̀ oníbàárà wà nínú ẹ̀, kí wọ́n sì fi èsì sínú ìwé.

Kọ́kọ́rọ́ USB yẹn sì kéré o. Tó bá sọnù ní pápákọ̀ òfurufú, láptọ́ọ̀pù olówó gọbọi di bíríkì. Bákan náà, ọ̀pọ̀ báńkì kì í jẹ́ kí àlejò ki USB bọ nǹkankan nínú ilé wọn, kódà lára ẹ̀rọ tiẹ̀. Ẹ bèèrè lẹ́nu ọ̀nà.

Èmi ò lòdì sí ẹ̀rọ tó jìn. Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ mi níbí ń wọ inú ẹ̀rọ tó wà ní ìlú mìíràn lójoojúmọ́. Ohun tó ń ba dẹ́mò jẹ́, lójú mi, ṣọ̀wọ́n ni kó jẹ́ wáyà. Aago inú ẹ̀rọ ni.

---

BàbáVTAM

Àǹtí ti mú un! Ọ̀rọ̀ aago ni mo ń bọ̀ wá sọ.

Báyìí ni dẹ́mò ṣe ń rí. O wọ TSO ní agogo mẹ́sàn-án, o ṣí ojú ìwé, ó dára. Ẹni tó ń ta ọjà wá dìde, ó ní òun fẹ́ sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa ilé-iṣẹ́. Ẹ̀yin náà mọ "díẹ̀" àwọn tó ń ta ọjà. Nígbà tó fi máa jókòó, ohun mẹ́ta ló ti ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́lẹ̀.

Àkọ́kọ́, firewall tàbí NAT tó wà lójú ọ̀nà ti rí i pé kò sí ohun tó ń kọjá, ó ti gbàgbé connection yín láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ tẹ Enter, X á hàn nísàlẹ̀, kò ní kúrò mọ́. Oògùn ẹ̀ wà nínú TELNETPARMS, ibi ètò TN3270 lórí z/OS: SCANINTERVAL àti TIMEMARK. Tí ẹ bá dín wọn kù, server fúnra ẹ̀ á máa fọwọ́ kan emulator lóòrèkóòrè kí ọ̀nà má baà kú.

Èkejì, JWT nínú SMFPRMxx. Ìyẹn ló ń ka iye ìṣẹ́jú tí address space (àyè session yín lórí z/OS) lè jókòó láìṣe nǹkan. Tó bá pé, z/OS á pa á: ABEND S522. Lójú oníbàárà, ọjà yín ló kú. Ẹ sún un síwájú lórí ẹ̀rọ dẹ́mò.

Ẹ̀kẹta, RECONLIM nínú TSOKEYxx. Tí wáyà bá já lóòótọ́, iye ìṣẹ́jú yẹn ni TSO máa fi dúró dè yín. Tí ẹ bá padà wọlé kó tó pé, ẹ fi S síwájú Reconnect lójú ìwé LOGON, ibi tí ẹ wà tẹ́lẹ̀ gan-an lẹ máa bá ara yín. Tí ó bá jẹ́ 0, ilé ti wó, ẹ bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Userid kan náà fún ẹni méjì ńkọ́? IKJ56425I, LOGON REJECTED, USERID IN USE. Ẹnì kan ń dán nǹkan wò ní London, ẹlòmíràn dúró níwájú báńkì ní Johannesburg. Kí oníkálukú ní tiẹ̀.

---

Ìyá_RACF

Ó dáa bí ẹ ṣe dá ọ̀rọ̀ userid sílẹ̀, Bàbá. DEMO01, DEMO02, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n má ní SPECIAL, kí wọ́n má ní OPERATIONS (àwọn àṣẹ ńlá inú RACF, ètò ààbò z/OS), kí ẹ fi ALTUSER fún wọn ní ọjọ́ REVOKE kí wọ́n kú fúnra wọn lẹ́yìn dẹ́mò.

Ẹ lè fi WHEN dé wọn mọ́ wákàtí, báyìí: `ALTUSER DEMO01 WHEN(DAYS(WEEKDAYS) TIME(0800:1800))`. Ṣùgbọ́n Adé, aago Dallas ni RACF máa wò o, àyàfi tí ẹ bá ṣe TIMEZONE lórí profile TERMINAL. Agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ ní Johannesburg, agogo kan tàbí méjì òru ni ní Dallas, ó dúró lórí ìgbà ọdún. O máa dúró níwájú àwọn ọ̀gá báńkì, RACF á ní kò tíì tó àkókò tí o lè wọlé.

Àti pé WHEN yẹn, ẹni tó bá gba terminal wọlé nìkan ló ń dí. Batch, iṣẹ́ tí a tì sí JES2, kò kàn án.

---

Àǹtí_CICS

Agogo méjì òru ní Dallas ló tún jẹ́ àkókò tí àwọn tó ń háyà ẹ̀rọ fún yín fẹ́ràn láti ṣe backup àti IPL (títan ẹ̀rọ ní ọ̀tun). Ẹ bèèrè. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ àwọn tó ni z/VM náà, kì í ṣe lọ́wọ́ ẹni tó ń bójú tó guest yín nìkan. Tí z/VM bá lọ sílẹ̀, gbogbo guest ló bá a lọ.

---

Ọmọ_Èkó_z

Ẹ̀gbọ́n Adé, London lẹ wà, code page (àtẹ kóòdù lẹ́tà) wo ni emulator yín ń lò? Tó bá jẹ́ 285 ti United Kingdom, tí z/OS yín sì jẹ́ 037 tàbí 1047 ti Amẹ́ríkà, àmì dọ́là àti àmì pọ́n-ùn ò ní sí ní ibi tí ẹ rò. X'5B' ni JES2 ń wá tí ẹ bá fẹ́ pàṣẹ bíi $D. Lójú 037, àmì dọ́là ni X'5B'. Lójú 285, £ ni. Mo ti rí onídẹ́mò tó ń tẹ $ lórí kíbọ́ọ̀dù UK, tí JES2 ń wò ó bíi pé kò sọ nǹkankan.

Ọjà yín ń fi ìwé àkáǹtì hàn, àbí? Iye owó dọ́là tó bá fara hàn bíi pọ́n-ùn níwájú báńkì tó ń ná rand, ìyẹn ò ní mú wọn rẹ́rìn-ín.

---

Onílù_MVS

Kí ẹ sì tún ojú kọ̀ǹpútà ṣe. Àwọ̀ búlúù lórí dúdú tí emulator máa ń gbé wá, prójẹ́kítọ̀ ń pa á rẹ́ pátápátá. Model 2, ìlà 24, kí lẹ́tà tóbi. Kí ẹni tó jókòó sẹ́yìn lè kà á, òun ló sábà máa ń jẹ́ sysprog (ẹni tó ń tọ́jú z/OS), òun gan-an ló máa sọ fún ọ̀gá ẹ̀ nírọ̀lẹ́ bóyá ọjà yín dáa.

---

Àǹtí_CICS

Ọ̀rọ̀ gidi ni Onílù sọ yẹn.

Kí n bi yín ní ohun kan tí ẹnikẹ́ni ò tíì bi yín. Adé, kí ló dé tí ẹ ò gbé ọjà náà sórí ẹ̀rọ báńkì fúnra ẹ̀? Wọ́n ní z/OS. Kò sí VPN, kò sí òkun.

---

Adé_LPAR

A dábàá ẹ̀, mà. Apá kan nínú ọjà wa fẹ́ APF, àṣẹ gíga tí z/OS kì í fún ètò lásán. Kí library àjèjì tó wọ inú APF ní báńkì, ìwé ìyípadà á lọ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀, ará ààbò á wò ó, wọ́n á gbé e sórí LPAR (ìpín mainframe) ìdánwò, wọ́n á dúró de ìparí oṣù torí kì í sí ìyípadà lákòókò yẹn. Kí gbogbo ìyẹn tó parí, ìfẹ́ tí wọ́n ní sí ọjà ti tutù. Wọ́n sọ pé àwọn fẹ́ rí i ná, tí ó bá wù wọ́n, wọ́n á wá fún un láyè fún ìdánwò gidi.

---

Àǹtí_CICS

Ó yé mi. Wọ́n sì tọ̀nà. Èmi gan-an ò ní jẹ́ kí APF àjèjì wọlé nítorí dẹ́mò wákàtí kan.

---

Ọmọ_Èkó_z

Ohun ìkẹyìn tí ẹ lè gbé dání tí gbogbo ọ̀nà bá dí: x3270 ní irinṣẹ́ kan tó ń jẹ́ playback. Ẹ máa kọ́kọ́ ṣe dẹ́mò náà nílé pẹ̀lú trace (àkọsílẹ̀ gbogbo ohun tó kọjá), fáìlì trace yẹn ni playback máa kà, á sì máa ṣe bí ẹni pé òun ni mainframe. Emulator á so mọ́ ọn lórí láptọ́ọ̀pù kan náà, ojú ìwé á máa jáde ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé. Kò gba íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tí ẹ bá tẹ̀ kò ṣe nǹkankan níbẹ̀ o, ojú ìwé tó ti wà nínú fáìlì nìkan ló ń gbé wá.

---

Ìyá_RACF

Tí ẹ bá lò ó, ẹ sọ fún wọn pé àkọsílẹ̀ ni. Kì í pẹ́ tí sysprog inú yàrá á ní kí ẹ tẹ nǹkan kan fún òun, bóyá kí ẹ wá ìwé ti ọjọ́ mìíràn. Tí ẹ bá ti ṣe bí ẹni pé ẹ̀rọ gidi ni, kí lẹ fẹ́ sọ fún un?

---

Adé_LPAR

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo yín. Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyí. Ọ̀gá mi ti gbà pé port 23 kò ní ṣí. VPN wa ní ẹ̀yà TCP 443 lóòótọ́, wọn ò kàn tàn án, Ọmọ_Èkó mọ̀ ọ́n. Mo ti kọ̀wé sí báńkì kí wọ́n yọ àdírẹ́sì wa kúrò lára ohun tí proxy wọn ń ṣí, wọ́n ní kí n fi certificate ránṣẹ́ kí àwọn wò ó. A ti sún dẹ́mò sí ọ̀sán Johannesburg nítorí backup Dallas. Trace ti wà lórí láptọ́ọ̀pù, màá sì sọ fún wọn pé trace ni tó bá di dandan.

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní àpẹẹrẹ TELNETPARMS yẹn. Ẹni tó ń ṣe TCP/IP fún wa ti kúrò níṣẹ́, èmi ni mo kù.

---

BàbáVTAM

Ó dáa, ọmọ mi. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibí:

```
TELNETPARMS
  TTLSPORT 992
  CONNTYPE SECURE
  INACTIVE 0
  SCANINTERVAL 60
  TIMEMARK 300
ENDTELNETPARMS
```

Yàtọ̀ sí 992 tó jẹ́ port, gbogbo nọ́ńbà yẹn, sẹ́kọ́ǹdì ni. Tí firewall báńkì bá ń gé ọ̀nà kó tó pé ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ dín TIMEMARK kù sí i. Ẹ má gbàgbé BEGINVTAM (apá kejì ètò Telnet) tí ẹ ti ní fún 992, àwọn méjèèjì ló gbọ́dọ̀ jọ wà nínú fáìlì tí ẹ máa fi ṣe `V TCPIP,TN3270,OBEYFILE`, ẹ fi orúkọ proc tiyín rọ́pò TN3270. Àwọn tó bá ti wà lórí ẹ̀rọ ṣáájú kò ní rí ìyípadà náà àfi tí wọ́n bá jáde kí wọ́n tún wọlé. Torí náà kí ìwọ náà jáde, kí o tún wọlé, kí o wá fi session sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn án títí tí o fi máa jẹun tán, lórí hotspot, kì í ṣe lórí wáyà ọ́fíìsì. Tó bá ṣì wà láàyè nígbà tí o padà dé, kọ̀wé síbí.